Kíkán, Sísán àti Yíyẹ̀: Àlàyé lórí Eegun tí ó Kán àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa yọ̀ ṣubú ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan. Ọmọ Yorùbá ni dókítà tí ó wo fọ́tò eegun rẹ̀, ó sì fẹ́ bá ìyá sọ̀rọ̀ ní èdè tí yóò yé e. Ó ní, "Màmá, ẹ má fòyà, ọrùn eegun itan yín ni ó sán díẹ̀." Ìyá dúpẹ́, àwa náà dúpẹ́. Létí tiwa, ohun tí ó bá sán kò tíì kán. Ìkòkò tí ó sán kò ṣeé fi pọn omi mọ́, ṣùgbọ́n a ṣì lè kó èlùbọ́ sí i. Nígbà tí dókítà wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ, a rò pé àṣejù ni. A mú ìyá padà sí ilé, ó ń fi ọ̀pá rìn káàkiri yàrá. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ibi tí ó sán náà fi yapa pátápátá, tí ẹsẹ̀ náà kúrú ju èkejì lọ, tí ó sì yí síta. Ìyá kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Dókítà náà kò purọ́, àwa náà kì í ṣe aláìgbọ́n. Ọ̀rọ̀ kan ni kò ní ìtumọ̀ kan náà lẹ́nu rẹ̀ àti létí wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ní èdè Yorùbá kò lè parí sí orí kíkọ ọ̀rọ̀ ní ẹsẹẹsẹ sínú ìwé atúmọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí eegun jẹ́, bí ó ṣe ń kán, bí ó ṣe ń so padà àti bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí n sì máa dá àbá ọ̀rọ̀ bí a bá ṣe ń lọ. Kí òǹkàwé kíyè sí i pé eegun ni mo ń sọ, kì í ṣe eégún. Ẹni tí ó bá fi àmì ohùn ṣeré nínú ọ̀rọ̀ yìí lè bá ara rẹ̀ ní igbó ìgbàlẹ̀.

Eegun gẹ́gẹ́ bí ohun alààyè

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka eegun sí igi gbígbẹ tí a fi ẹran bò. Ohun tí ó fa èrò yìí ni pé eegun tí a sábà máa ń rí ni èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀, tàbí èyí tí ajá jẹ kù sí ẹ̀yìnkùlé. Ṣùgbọ́n nínú ara alààyè, ẹ̀jẹ̀ ń gba inú eegun kọjá, ó ń jẹun, ó sì mọ ìrora. Awọ fẹ́lẹ́ kan bò ó láti òde. Inú awọ yìí ni òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké àti okùn ìmọ̀lára pọ̀ sí. Òun ni ó ń fa irú oró tí ń dun ènìyàn nígbà tí ó bá fi ojúgun gbá àpótí nínú òkùnkùn. Mùdùnmúdùn ni ó wà ní inú lọ́hùn-ún, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun. Eegun 206 ni ó wà nínú ara àgbàlagbà. Ti ọmọ tuntun jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò so pọ̀ mọ́ ara wọn bí ó bá ti ń dàgbà.

Ohun méjì ni ó fún eegun ní agbára. Èkíní ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ń pè ní kọ́lájìnì, èyí tí í ṣe purotéènì. Èkejì ni iyọ̀ líle tí ó ní kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì nínú, tí ó sì tó nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìwọ̀n eegun. Ẹnikẹ́ni lè dán èyí wò nínú ilé ìdáná rẹ̀. Kí a rẹ eegun itan adìẹ sínú fínígà fún ọjọ́ mélòó kan, kí a sì máa pààrọ̀ fínígà náà. Fínígà yóò fa iyọ̀ líle jáde, eegun náà yóò sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a lè tẹ̀ ẹ́ bí ọrẹ́. Kí a ju òmíràn sínú iná títí yóò fi funfun. Okùn inú rẹ̀ ti jóná. Ìrísí rẹ̀ kò yí padà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò rún. Àwọn birikìlà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: kọnkéré tí kò ní irin nínú yóò sán bí a bá gbé ẹrù lé àárín rẹ̀, irin tí kò ní kọnkéré yóò sì tẹ̀.

Láti ibi yìí ni a ti lè mọ ìdí tí eegun ọmọdé kì í fi í kán bí ti àgbà. Eegun ọmọdé ṣì rọ̀, awọ òde rẹ̀ sì nípọn, nítorí náà ó lè tẹ̀ kí ẹ̀gbẹ́ kan ya, kí ẹ̀gbẹ́ kejì má ya. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti fi ọwọ́ ṣẹ́ ẹ̀ka dóńgóyárò tútù ti mọ bí èyí ṣe ń rí, mo sì rò pé kíkán ẹ̀ka-tútù ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́ jù lọ. Ti àwọn arúgbó yàtọ̀. Jálẹ̀ ayé ẹni ni ara ń wó eegun àtijọ́ tí ó sì ń mọ tuntun sí ipò rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá ti ń ga, pàápàá fún àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró, wíwó a máa yára ju mímọ lọ. Inú eegun a di ihò ihò, ògiri rẹ̀ a sì fẹ́lẹ́. Kò tún dìgbà tí arúgbó bá ré láti orí igi. Kí ó ṣubú láti orí ìdúró lásán ti tó láti kán an ní ọrùn itan, ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní eegun ẹ̀yìn.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ọ̀rọ̀ fún ohun tí ó bàjẹ́. A ń sọ pé ẹnì kan kán lápá, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ dá, tàbí pé ó ṣẹ́ léegun. Agbárí kì í kán lẹ́nu wa. Fífọ́ ni ó ń fọ́ bí ìkòkò, èyí sì bá ìrísí rẹ̀ mu. Bí ọkọ̀ bá tẹ ẹsẹ̀ ènìyàn mọ́lẹ̀, a ó ní eegun náà rún wómúwómú. Oríkèé ń yẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ń rọ́, ohun tí ó bá sì ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lára, ó sán.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú ni a fi ṣẹ̀dá àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Bí nǹkan ṣe rí ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí i. Ní ti ìmọ̀ ìṣègùn, eegun tí ó ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí àti èyí tí ó já sí méjì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà: eegun méjèèjì ni kò pé mọ́. Àbá tèmi ni pé kí kíkán jẹ́ orúkọ àgbà fún gbogbo wọn, kí a sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un láti fi ìyàtọ̀ hàn. Bí àwọn orí eegun tí ó kán bá ṣì wà ní ojú kan náà, kíkán aláìyapa ni. Bí wọ́n bá ti kúrò ní ojú ara wọn, kíkán ayapa ni. Bí awọ kò bá bẹ́, kíkán abẹ́-awọ ni; bí ọgbẹ́ bá ti òde dé ibi tí ó kán, kíkán alọ́gbẹ́ ni. Ká ní dókítà ìjọ́sí ti sọ pé, "Màmá, eegun itan yín ti kán, ṣùgbọ́n kò tíì yapa, bí ẹ bá fi ẹsẹ̀ yìí tẹ ilẹ̀, yóò yapa," kò sí ẹni tí yóò gbé ìyá kúrò lórí ibùsùn nínú wa.

Ọrùn itan sì jẹ́ ibi tí yíyapa ti ń ba nǹkan jẹ́ gidigidi. Òpó ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ orí eegun itan ń gba ara ọrùn náà gòkè ni. Bí ọrùn bá yapa, òpó wọ̀nyí lè já, orí eegun a sì kú díẹ̀díẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Nígbà tí kò tíì yapa, irin mélòó kan tí a gbà wọ inú rẹ̀ lè dì í mú. Nígbà tí ó bá ti yapa lára arúgbó, àtiyọ orí náà kúrò kí a fi ti irin rọ́pò rẹ̀ ni ó sábà máa ń kù.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín kíkán, yíyẹ̀ àti rírọ́ tí a kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò. Oríkèé tí ó yẹ̀ ti kúrò ní ihò rẹ̀, eegun rẹ̀ sì lè pé. Ibi tí ó rọ́, okùn tí ó so eegun mọ́ eegun ni ó nà tàbí tí ó ya. Gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó ń wú, gbogbo wọn ni ó ń dunni, ọwọ́ tí a fi kan ara kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀ ní gbogbo ìgbà, ìbáà jẹ́ ọwọ́ dókítà tàbí ti ato-eegun. Ìtànṣán tí Röntgen ṣàwárí ní ilẹ̀ Jámánì ní ọdún 1895 ni ó tú àṣírí náà. Ẹran ara ń jẹ́ kí ìtànṣán yìí kọjá. Kálísíọ̀mù inú eegun ni ó ń dá a dúró, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí eegun fi ń funfun nínú fọ́tò. Ojú méjì ni a sì gbọ́dọ̀ ti ya fọ́tò náà, nítorí pé igi tí ó wọ́ sí ẹ̀yìn lè dà bí èyí tí ó tọ́ lójú ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Nígbà mìíràn, fọ́tò ọjọ́ àkọ́kọ́ kì í fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ hàn títí di ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó yẹ kí a ṣe àtúnṣe sí, òun ni iṣan. Iṣan ni a ń pe ẹran tí ń gbé ọwọ́ sókè, iṣan ni okùn tí ó so ẹran mọ́ eegun, iṣan ni òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà, iṣan náà ni okùn tí a fi ń mọ̀ pé iná gbóná. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, òpó ẹ̀jẹ̀ àti okùn ìmọ̀lára ni mo ń lò fún méjì tí ó kẹ́yìn, mo sì fi iṣan sílẹ̀ fún ẹran àti okùn rẹ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ ọn yóò hàn níwájú.

Bí eegun ṣe ń so

Kò sí dókítà tí ń so eegun, kò sì sí ato-eegun tí ń so ó. Ara ni ó ń ṣe é. Iṣẹ́ ẹni tí ń tọ́jú ni láti tò ó sí ipò, kí ó sì dáàbò bò ó títí ara yóò fi parí iṣẹ́ rẹ̀.

Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹ̀jẹ̀ tí ó tú jáde láti inú eegun àti awọ rẹ̀ yóò dì sí ojú ibi tí ó kán. Ibẹ̀ yóò wú, yóò sì gbóná. Ara wíwú yìí ni ó ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì oníṣẹ́ jọ. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, okùn àti eegun rírọ̀, irú èyí tí ó wà ní ṣóńṣó imú wa, yóò ti dí àlàfo náà. Èyí ni mo pè ní àlẹ̀mọ́ rírọ̀. Lẹ́yìn náà ni kálísíọ̀mù yóò máa wọ inú rẹ̀, tí yóò fi di àlẹ̀mọ́ líle, kókó tí ọwọ́ lè bà lábẹ́ awọ. Apá àgbàlagbà sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ó tó dé ibi tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé e; itan àti ojúgun a máa gba ọ̀sẹ̀ méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé yá púpọ̀ ju èyí lọ. Fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún díẹ̀ pàápàá, ara yóò máa gbẹ́ àlẹ̀mọ́ náà bí agbẹ́gilére: yóò mú kúrò níbi tí ẹrù kò sí, yóò fi kún ibi tí ẹrù wà. Ìdí nìyí tí apá ọmọdé tí ó wọ́ díẹ̀ fi lè tọ́ fúnra rẹ̀ bí ó bá ń dàgbà. Ṣùgbọ́n eegun tí ó lọ́ yípo kì í tú ara rẹ̀ padà.

Bí eegun bá so sí ibi tí kò yẹ, ìsopọ̀ wíwọ́ ni. Bí kò bá so rárá, tí ibẹ̀ ń mì bí oríkèé èké, àìsopọ̀ ni. Ohun tí ń fa àìsopọ̀ kò ju mélòó kan lọ: mímì àpọ̀jù, àlàfo tí ó tóbi jù, kòkòrò tí ó wọ inú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ tó. Tábà mímu náà wà nínú wọn.

Àwọn baba wa ní ọ̀nà tiwọn láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a tú ìdì. Àwọn ato-eegun kan a máa ṣẹ́ adìẹ lẹ́sẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n bá gba aláìsàn, wọn a to ti adìẹ, wọn a sì dì í. Ọjọ́ tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ náà rìn ni a ó tú ti ènìyàn. Èmi kò rí èyí gẹ́gẹ́ bí ohun ẹ̀rín. Ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé eegun ní àkókò tirẹ̀, ó sì ń wá ohun tí yóò fi wọn àkókò náà. Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé adìẹ yá ju wá lọ. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, eegun rẹ̀ ti lè dúró, nígbà tí itan àgbàlagbà ṣì wà ní àlẹ̀mọ́ rírọ̀.

Títò, dídì àti lílò

Ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní ojú títì níbi tí ọ̀kadà gbé ẹni ṣubú. Àwọn tí ó bá kọ́kọ́ débẹ̀ kò gbọdọ̀ fa ẹsẹ̀ náà láti fi dán an wò. Kí wọ́n fi pákó tàbí páálí líle tì í bí wọ́n ṣe bá a, kí ìdì náà sì kọjá oríkèé tí ó wà lókè àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ibi tí ó kán. Eegun tí ó yọ síta, a kì í tì í padà. Aṣọ tí ó mọ́ ni kí a fi bò ó, láìfi ewé tàbí epo kankan sí i. Ẹni tí itan rẹ̀ kán lè ṣòfò ẹ̀jẹ̀ tí ó ju lítà kan lọ sínú itan náà láìsí pé ẹ̀kán kan kán sílẹ̀, nítorí náà kí a má ṣe sọ pé kò ṣẹ̀jẹ̀. Ní ti kíkán alọ́gbẹ́, wákàtí ni a fi ń kà á: oògùn apakòkòrò, abẹ́rẹ́ ìdènà ipá, àti fífọ ọgbẹ́ náà dáadáa ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

Ohun funfun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní P.O.P. kò tíì pé 200 ọdún tí a ti ń fi í di eegun bí a ṣe ń ṣe é lónìí. Mathijsen, dókítà ọmọ ogun ilẹ̀ Họ́láǹdì, ni ó ronú ní ọdún 1851 pé kí a fi ìyẹ̀fun òkúta tí a ti yan kún aṣọ ìdì, kí a rẹ ẹ́ sínú omi, kí ó sì le sí ara aláìsàn. Ní ti irin tí a ń tì bọ inú ihò mùdùnmúdùn, Küntscher ní ilẹ̀ Jámánì ni ó sọ ọ́ di ohun tí ayé mọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1940. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ó kán nítan lè dìde láàárín ọjọ́ díẹ̀, dípò oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn pẹ̀lú òkúta tí ń fa ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọdún 1999, ẹgbẹ́ kan tí dókítà Lewis Zirkle dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ti ń pèsè irú irin bẹ́ẹ̀ tí a lè fi síbi tí kò sí ẹ̀rọ ayàwòrán nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, a sì ń lò ó ní àwọn ilé ìwòsàn kan ní Nàìjíríà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ni ó ṣì ń kọ́kọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ ato-eegun. Ó súnmọ́ ilé, owó rẹ̀ ṣeé san díẹ̀díẹ̀, èdè rẹ̀ yé wọn, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé gígé ni wọn yóò gé ẹsẹ̀ ní ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì, ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1945 fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́; ṣáájú ìgbà náà àti lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ìdílé ato-eegun ni ó ń gbé ẹrù iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Hugh Owen Thomas, tí a bí ní Wales ní ọdún 1834, tí a sì fi orúkọ rẹ̀ pe irin gígùn tí a fi ń na itan tí ó kán, ọmọ ìdílé ato-eegun ni. Àwọn baba ńlá rẹ̀ kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn kankan. Bàbá rẹ̀, tí àwọn dókítà ń fi ẹjọ́ yọ lẹ́nu ní Liverpool, ni ó rán àwọn ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, irin ìdílé ato-eegun yìí dá ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun sí. Mo sọ èyí fún àwọn dókítà wa tí wọ́n máa ń fi ẹnu yẹpẹrẹ pe àwọn ato-eegun.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ fún àwọn ato-eegun náà kò rọrùn. Ọparun tí wọ́n fi okùn hun bí ẹní láti fi di eegun kò burú. Líle tí wọ́n ń so ó le ni ó burú. Iṣan apá àti ti ojúgun wà nínú àpò líle tí kì í nà. Bí ara bá ń wú nínú, tí ìdì sì fún un láti òde, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá nínú àwọn òpó kéékèèké mọ́. Bí ó bá tó nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, iṣan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kú, okùn ìmọ̀lára yóò sì tẹ̀lé e. Volkmann ti ilẹ̀ Jámánì ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1881: ọwọ́ a ká kò bí èékánná àṣá, kò sì ní là mọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúró pátápátá, ọwọ́ náà a dúdú, a sì kẹ̀. Àwọn dókítà eegun ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sílẹ̀ léraléra pé ìdì líle jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí ń mú kí a gé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ọmọdé. Gígé tí àwọn òbí ń sá fún ni wọ́n ń bá pàdé lọ́nà. P.O.P. náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí a bá yí i ká ẹsẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìdí rẹ̀ nìyí tí àwọn dókítà fi ń lo ààbọ̀ ìdì títí ara yóò fi fà.

Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀, bí ọ̀rọ̀ tí a fi sọ ọ́ bá yé ìyá ọmọ. Ìrora tí ń pọ̀ sí i lẹ́yìn tí a ti to eegun tí a sì ti dì í. Ìrora tí ń ta bí ẹlòmíràn bá rọra na ìka ọmọ náà. Ìka tí ó kú tipiri, tí ó tutù tàbí tí ó funfun. Aláìmọ̀kan a sọ pé, "Ara rẹ̀ ni ó le, ẹ fún un ní oògùn ìrora." Èyí ni fífi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Kí a tú ìdì náà títí dé awọ, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lóru tàbí lọ́sàn-án. Eegun tí ó bá yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀ ṣeé tún tò lọ́la. Bí ìrora kò bá dẹ̀ láàárín ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, ilé ìwòsàn ni kí a gbé ọmọ náà lọ, kí wọ́n la àpò iṣan náà.

Lílò ni ìpele tí ó kẹ́yìn, òun sì ni a máa ń fojú fò jù. Nígbà tí a bá tú ìdì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, ẹsẹ̀ tí ó rù, tí awọ rẹ̀ ń bó, tí orúnkún rẹ̀ kò sì ká ni yóò jáde. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ń rò pé a ti ba ẹsẹ̀ àwọn jẹ́. Iṣan tí kò ṣiṣẹ́ ni ó rù, oríkèé tí kò mì ni ó le. Bí dókítà bá ti fi ọwọ́ sí i, kí aláìsàn máa ká orúnkún náà ní ìgbà púpọ̀ lójúmọ́, kí ó máa tẹ ilẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí ọ̀pá, kí ọ̀pá náà sì wà ní ọwọ́ tí ó kọjú sí ẹsẹ̀ tí ó kán: bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá ni, ọwọ́ òsì ni kí ó fi dì í mú.